Ìyá àgbà tó gbọ́wọ́ sókè nínú àwòrán yẹn, kí ló ń dúpẹ́ fún gan-an?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì gbé iṣẹ́ kan wálé, wọ́n ní kó kọ nípa bí ìtàn eugenics, ètò pé ká máa ṣa irú ẹni tó yẹ kó máa bímọ lẹ́ṣà, ṣe hàn nínú àwòrán yíyà àti ìwé kíkọ. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ Hitler nìyẹn, mo ní kó lọ ka ti Jámánì kó parí ẹ̀. Ló bá ṣí fóònù, ó fi àwòrán kan tí wọ́n yà ní Bràsíìlì hàn mí. Ìyá àgbà dúdú kan dúró, ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, ọmọ ẹ̀ obìnrin jókòó, ó gbé ọmọ jòjòló sẹ́sẹ̀, ọkọ tó funfun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé àwòrán yìí wà lára ohun tó burú jù nínú ìtàn náà. Mo wò ó, mo tún un wò, mi ò rí nǹkan kan tó burú o. Ìyá rí ọmọ ọmọ, ó ń dúpẹ́. Ṣé kò yẹ kó dúpẹ́ ni? Ó jọ pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ti ń rí ẹ̀yàmẹ̀yà nínú ẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá yé kó bá mi là á.

*

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe wò ó tí ẹ ò rí nǹkan kan yẹn, bí ẹni tó yà á ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Sáìnráìtà ni mí, mo ka iṣẹ́ ọnà ní pólì kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwòrán yìí sì wà lára èyí tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí mo bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ibi tí ọ̀dà kàn lórí bọ́ọ̀dù tí kò nídìí. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Modesto Brocos ló yà á lọ́dún 1895. Ọmọ Sípéènì ni, ó lọ fi Rio de Janeiro ṣe ilé. Ọdún méje péré ni wọ́n tíì fòpin sí ẹrú níní ní Bràsíìlì nígbà yẹn, 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888 ni wọ́n buwọ́ lù ú. Àwòrán ńlá ni, gíga ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì. Ìyá àgbà ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló dúró, òun ló sì dúdú jù. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀, kò wọ bàtà, erùpẹ̀ lásán ló tẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ tí wọ́n bá pè wọ́n láti ọsibítù pé aboyún ti bí, tibi tire. Àárín ni ọmọ ẹ̀ obìnrin jókòó sí, àwọ̀ tiẹ̀ ti pọ́n, ó ń nàka sí ìyá àgbà kí ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lè wò ó. Ọmọ yẹn funfun, ó di ọsàn kan mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni bàbá ọmọ wà, òun náà funfun, ó jókòó bí ẹni tí kò ní gbèsè lọ́rùn, ó ń fi ìgbéraga díẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ. Ibi tí ẹsẹ̀ tiẹ̀ wà, òkúta ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, erùpẹ̀ ti tán.

Ẹ wá tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Ó dà bíi káàdì àwọ̀ tí wọ́n máa ń fún wa níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dúdú jù tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ìyá kò dúpẹ́ pé ọmọ dé láyọ̀ o. Àwọ̀ tí ọmọ gbé wá ló ń dúpẹ́ fún.

Tí ẹ bá rò pé èmi ni mo fi èyí kún un, ẹ wo orúkọ tí Brocos fún àwòrán náà ní èdè Pọtogí, ìtumọ̀ ẹ̀ ni Ìràpadà Hámù.

*

Bọ̀dá tó kọ ọ́ sókè yẹn pé Bíbélì ló kúkú sọ ọ́, pé Nóà ṣépè fún Hámù kó di dúdú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ tún un kà. Gẹ́nẹ́sísì orí 9. Nóà mutí yó, ó sùn ní ìhòòhò, Hámù rí i, nígbà tí bàbá jí, Kénáánì ọmọ Hámù ló ṣépè fún, pé ẹrú ni yóò máa ṣe fún àwọn arákùnrin ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ níbẹ̀ rárá. Àwọn tó wá jẹ èrè ẹrú lẹ́yìn náà ló rọ àwọ̀ sí i kí oorun wọn lè dùn.

Ẹ wá wo orúkọ àwòrán yẹn dáadáa. Tí wọ́n bá ní wọ́n ra Hámù padà, a jẹ́ pé dúdú ìyá àgbà ni ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ funfun ni ìdáríjì. Ìyá wá ń gbọ́wọ́ sókè dúpẹ́ pé òun ń kúrò láyé nìyẹn, òun àti gbogbo ẹni tó jọ òun.

*

Tó bá jẹ́ orí ògiri nìkan ló mọ, à bá ní ó tán. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ góòlù ní ìfihàn àwòrán ọdún yẹn, ó sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù àwòrán ìjọba ní Rio. Ṣùgbọ́n oṣù keje ọdún 1911, wọ́n pe àpérò ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí gbogbo ẹ̀yà tó wà láyé, Universal Races Congress ni wọ́n pè é. Ìjọba Bràsíìlì rán dókítà kan lọ, João Batista de Lacerda, ọ̀gá pátápátá ní Museu Nacional tó wà ní Rio. Iṣẹ́ tó lọ jẹ́ ni pé kí òyìnbó ilẹ̀ Yúróòpù má bẹ̀rù Bràsíìlì mọ́, pé àwọn dúdú àti àdàlù tí wọ́n ń rí níbẹ̀ yẹn kò ní pẹ́ tán, wọ́n á máa fẹ́ funfun, ọmọ á máa funfun sí i, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kò ní sí wọn mọ́. Nínú ìwé tó gbé jáde ní èdè Faransé, ó tẹ àwòrán Brocos sí i, ó kọ sábẹ́ ẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú ń di funfun ní ìran kẹta nípa àdàpọ̀ ẹ̀yà.

Ẹ rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀? Àwòrán tí ẹnì kan fi ọ̀dà yà látinú orí ara ẹ̀ ti di ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì. Àwọn tí ayàwòrán jókòó yà, dókítà gbé wọn kalẹ̀ bí èsì tó jáde láti lábù.

Apá tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe ti ayọ̀: nígbà tó padà dé, àwọn kan bínú sí i nílé. Ẹ rò pé torí pé ó bú ará ìlú ẹ̀ ni? Rárá o. Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún ti pẹ́ jù! Ó wá gbé ìṣirò jáde lọ́dún 1912 pé tó bá fi máa di 2012, funfun á jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìbílẹ̀ tó ni ilẹ̀ 17, àdàlù 3, dúdú òdo. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. 2012 ti kọjá. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Bràsíìlì lọ́dún 2022, àwọn tó pe ara wọn ní àdàlù lé ní 45 nínú ọgọ́rùn-ún, funfun lé díẹ̀ ní 43, dúdú lé díẹ̀ ní 10.

Kò sì dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí Lacerda tó sọ̀rọ̀ rárá, àṣẹ ìjọba kan ti wà láti 28 oṣù kẹfà ọdún 1890 pé ẹnikẹ́ni tára ẹ̀ le tó lè ṣiṣẹ́ lè wọ Bràsíìlì wọ́ọ́rọ́wọ́, àyàfi ẹni tó bá ń bọ̀ láti Éṣíà tàbí Áfíríkà, ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ilé aṣòfin. Àsìkò tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Nàgó ṣì ń wọkọ̀ ojú omi lọ ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bàhíà nìyẹn o.

*

Mo gbàgbé nǹkan kan tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ọmọ Yorùbá wà nínú àpérò 1911 yẹn. Pásítọ̀ Mojola Agbebi, onítẹ̀bọmi, láti Èkó. David Brown Vincent ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ó bọ́ orúkọ yẹn dànù, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó náà sílẹ̀, dàńṣíkí àti agbádá ló ń wọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lórí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó gbèjà bí a ṣe ń gbé ayé wa. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ àpérò náà jọ sí, ti Lacerda wà níbẹ̀, ti Agbebi wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹnì kan ń sọ pé àwọn dúdú á tán ní ìlú òun, ẹlòmíì láti Èkó fi orúkọ tí ìyá bàbá ẹ̀ lè pè buwọ́ lu tiẹ̀.

Tí mo bá jẹ́ ọmọ yín, ibí yìí ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi.

*

Àwọn mẹ́ta ti kọ ọ́ báyìí pé èyí kì í ṣe eugenics, pé eugenics ni ti Hitler, pé ti Bràsíìlì kàn jẹ́ káwọn èèyàn máa fẹ́ra wọn ni, kí ló burú níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀rọ̀ eugenics ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí Hitler. Francis Galton ló ṣẹ̀dá ẹ̀ lọ́dún 1883, ará Gẹ̀ẹ́sì, ìbátan Darwin. Àlàyé ẹ̀ kò ju bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn àgbàdo lọ: èyí tó bá yọmọ dáadáa ká tọ́jú ẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, èyí tó bá ti bàjẹ́ ká dà á fádìẹ. Ó wá ní ká máa ṣe é fún èèyàn. Òun náà lo àwòrán o! Ó kó fọ́tò àwọn ọ̀daràn jọ, ó ń tẹ̀ wọ́n lérí ara wọn lórí gíláàsì kan ṣoṣo, ojú kan lérí ojú kejì, kó lè rí ojú ọ̀daràn kan tó dúró fún gbogbo wọn. Nǹkan tó jáde, òun fúnra ẹ̀ gbà pé ojú yẹn dára ju ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, ibi tó ń wá kò hàn mọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an ni.

Amẹ́ríkà gbà á, Indiana ló kọ́kọ́ sọ ọ́ dòfin lọ́dún 1907 pé kí wọ́n sọ àwọn kan di àgàn tipátipá. Láti 1920, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ oko ní Topeka, ìpínlẹ̀ Kansas, wọ́n á kó màlúù wá, wọ́n á kó àgùntàn wá, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n á tún ti máa yẹ ìdílé èèyàn wò, ìdílé tó bá yege á gba mẹ́dàlì tí wọ́n fi ọnà sí lára. Ọnà dáadáa ni o, èmi gbà. 1927 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Carrie Buck, ọmọbìnrin Virginia kan tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tó lóyún, tí wọ́n wá gbé e jù sí ilé àwọn tí wọ́n ní orí wọn kò pé. Adájọ́ Holmes fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ ọ́ di àgàn, ó ní ìran mẹ́ta àwọn dìndìnrìn ti tó. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí Carrie bí yẹn, nígbà tó dé iléèwé, orúkọ ẹ̀ wà nínú àwọn tó ṣe dáadáa ní kíláàsì. Àwọn tí wọ́n sọ di àgàn bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní 60,000. Jámánì wá gbé tiẹ̀ kalẹ̀ ní 1933, tiwọn tó bíi 400,000 kó tó wá di pípa. Ọ̀kan nínú wọn ni Elfriede Lohse-Wächtler, ayàwòrán ni, wọ́n sọ ọ́ di àgàn ní 1935, wọ́n fi gáàsì pa á ní 1940. Ọmọ yín lè wá àwòrán tó ya àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà ní ilé wèrè, ojú wọn nínú ẹ̀ kì í ṣe ojú ẹni tó yẹ kí wọ́n dà fádìẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ padà síbi ìran mẹ́ta yẹn. Holmes ní ìran mẹ́ta ti tó. Lacerda ní ìran kẹta ni yóò funfun. Brocos ya ìran mẹ́ta síwájú ilé kan. Mi ò rò pé wọ́n pàdé rí, àmọ́ kàlékúlétọ̀ kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Bràsíìlì kò ṣòfin ọ̀bẹ, kò sí òfin pé kí wọ́n sọ ẹnikẹ́ni di àgàn. Ọ̀nà tiwọn jẹ́ ti fífọ ìran funfun, ti ìgbéyàwó, ti ìmọ́tótó, ti ẹ̀kọ́. Dókítà Renato Kehl dá ẹgbẹ́ eugenics sílẹ̀ ní São Paulo ní 1918, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá tiwọn ní Rio ní 1929, nígbà tó fi di 1934 ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ eugenics ti wọnú òfin ìpìlẹ̀ ìlú ní abala 138. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìfẹ́ lásán ni, ta ló fi ìfẹ́ sínú òfin ìlú?

Ká má purọ́, gbogbo wọn kọ́ ló gbà. Roquette-Pinto, òun náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1911, ṣùgbọ́n ní ìpàdé 1929 yẹn òun ló dìde tó ní ohun tó ń yọ Bràsíìlì lẹ́nu ni àìsàn àti àìkàwé, pé kò sí nǹkan tó ṣe ìran àdàlù.

*

Ìyá Ìbejì kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ń sọ ti Bràsíìlì, jínótáìpù tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè níbí kí wọ́n tó so yín pọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe eugenics náà nìyẹn?"

Ìyá wa, ẹ fi ọwọ́ tẹ ojú egbò. Mi ò ní fi ẹnu yẹpẹrẹ dá yín lóhùn torí ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa. Àbúrò mi ọkùnrin àti ọmọbìnrin kan ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, a ti ra aṣọ, lábù kan ládùúgbò gbé èsì jáde pé AS ni àwọn méjèèjì. Pásítọ̀ ní òun ò so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a kò bẹ̀. Àwọn ẹbí ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé ìdílé onísíkúlà ni wá. Wọ́n túká. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò mi fẹ́ gba iṣẹ́, wọ́n tún un yẹ̀ wò níbòmíì, AA ni. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, AA. Ọmọbìnrin yẹn ti lọ sílé ọkọ.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yẹ jínótáìpù wò. Mo ti gbé ọmọ ìyá mi ọkùnrin kan tó ní síkúlà sẹ́yìn lọ ọsibítù lóru, mo mọ ohun tí igbe yẹn jẹ́. AS méjì tó bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà lójú tèmi ni ìgbà tí ìpinnu bá kúrò lọ́wọ́ àwọn méjì tó fẹ́ra wọn tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, àti ìgbà tí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ bá di orúkọ tí wọ́n fi ń pe odidi ìdílé. Ẹsẹ̀ kan ti wọlé nìyẹn, kì í ṣe eugenics pátá, àmọ́ wọ́n jọ ń wọ ẹnu ọ̀nà kan náà.

Ẹnì kan á ní àwọn bàbá wa náà kúkú ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fẹ́yàwó, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé wárápá wà níbẹ̀, ṣé wèrè wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n sì fi jẹ ọ̀pọ̀ ọmọlọ́mọ níyà, ká má ṣe bí ẹni pé tiwa mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá kan náà ló ní àfín àti abuké àti arọ jẹ́ ẹni òrìṣà, Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Tí wọ́n bá rí aboyún, wọ́n á ní kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá. Ọnà! Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tiwa ni wọ́n mú lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń yanà nínú ikùn kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ìjọba.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣọ́ọ̀bù díẹ̀, mo mọ̀ pé mo ń yà.

Tí oníbàárà bá gbé bọ́ọ̀dù sálúùnù wá, mo bá ya obìnrin sí i, mo pò ọ̀dà kó jọ àwọ̀ èèyàn dúdú tó ń dán. Ó dé, ó wò ó, ó ní bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tan iná sí i díẹ̀. Mo fi funfun díẹ̀ lù ú. Ó ní ẹ ṣì tún ṣe é. Ìgbà tí a máa fi parí, obìnrin orí bọ́ọ̀dù ti pọ́n ju gbogbo ẹni tó wà ládùúgbò lọ, oníbàárà á rẹ́rìn-ín á sanwó. Ẹni tó sanwó náà dúdú bíi tèmi. Kò sí Lacerda kankan lẹ́yìn ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn dókítà yẹn ì bá mọ̀ ká ní wọ́n béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọ̀dà. Ẹ gbé gálọ́ọ̀nù ọ̀dà funfun kan kalẹ̀, ẹ kán dúdú tí kò ju ṣíbí kan lọ sí i. Ẹ rò ó. Kò lè funfun mọ́ láéláé, ẹ bu funfun mìíràn sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹni tó lójú á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe é lọ́dún tó kọjá, odidi gálọ́ọ̀nù ni mo fi kun ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

*

Ẹni tó ní àwòrán la ti ń sọ látàárọ̀, ìwé kíkọ ńkọ́: ó dáa.

Monteiro Lobato, òǹkọ̀wé tí àwọn ọmọdé Bràsíìlì ń ka ìtàn ẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ọ̀rẹ́ Kehl ni. Lọ́dún 1926 ó kọ ìwé kan nípa ààrẹ dúdú kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2228. Àwọn funfun pín sí méjì, ọkùnrin lọ́tọ̀ obìnrin lọ́tọ̀, dúdú kan tó ń jẹ́ Jim Roy bá gba ìbò. Kí ni àwọn funfun ṣe? Wọn ò yìnbọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ iná kan jáde tó ń na irun dúdú gbọọrọ, gbogbo dúdú sáré lọ na irun. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ló sọ wọ́n di àgàn. Jim Roy sì kú kó tó gorí àga. Tẹ́ ẹ bá rò pé ìkìlọ̀ ni Lobato ń ṣe, ẹ tún un kà, àwọn tó ń sọ ìtàn náà nínú ìwé ń gbé òṣùbà fún ètò ṣíṣa èèyàn lẹ́ṣà ni. Ó gbé e lọ fún àwọn òǹtẹ̀wé Amẹ́ríkà, wọ́n kọ̀ ọ́ fún un.

Ẹ fi wé ìyá àgbà Brocos. Ọpẹ́ ni wọ́n fi pa ti ibẹ̀ mọ́, nínú ìwé yìí irun nínà ni. Àwọn méjèèjì ń sọ pé dúdú fúnra ẹ̀ ló máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ. Ìyẹn ni mi ò lè dárí jì wọ́n. Ọ̀bẹ Virginia ṣì mọ̀ pé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò fẹ́.

Brocos gan-an kọ̀wé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ayàwòrán ò mọ nǹkan kan, pé ọwọ́ ẹ̀ kàn ń yàwòrán ni. Ọdún 1930 ló gbé ìwé àròsọ kan jáde lórí ìrìn àjò sí Mars, ọ̀rọ̀ bí ìlú ṣe ń ṣètò ọmọ bíbí kí ìran lè dára wà nínú ẹ̀. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí torí òdodo: ó mọ àwọn obìnrin dúdú yà. Lọ́dún 1892 ó ya àwọn obìnrin tó jókòó sílẹ̀ tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ó ní níbi gàrí ní abúlé wa ni. Ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá. Ìdí nìyẹn tí ti 1895 fi wọni lára.

*

Ẹni tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn ìyá àgbà yẹn:

Manuel Querino nìyẹn, ọmọ dúdú láti Bàhíà, òun fúnra ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ní 1918, ọdún kan náà tí Kehl dá ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, Querino tẹ ìwé kan jáde tó fi ń sọ pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ló kọ́ Bràsíìlì. Kí ìyẹn tó dé ó ti kó orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà Bàhíà jọ sínú ìwé kan ní 1909.

Abdias do Nascimento tún ńkọ́? Òun ló dá ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé àwọn dúdú sílẹ̀ ní Rio ní 1944. Nígbà tí sójà wà lórí ìjọba, ó kúrò nílùú lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti ya ọ̀pọ̀ àwòrán, Ọ̀ṣun, Ògún, Èṣù, àwọ̀ tó le koko, kò sí àwọ̀ tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. 1976 sí 1977 Ilé-Ifẹ̀ ló wà, ó ń kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn dúdú àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Èkó, pé ètò fífọ ìran funfun yìí, ìpànìyàn ni wọ́n fi ẹ̀rín músẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ìjọba Bràsíìlì kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, kò wọ ètò. Ló bá tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà ẹ̀dà, ó ń pín in fún èèyàn lọ́wọ́. Lacerda gbé tiẹ̀ lọ sí àpérò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Abdias ń pín bébà kiri ní Èkó wa níbí.

Bàbá mi lọ sí FESTAC o, ó ra bàǹtẹ́ àti fìlà tó ní àmì yẹn. Mo bi í bóyá ó rí ọkùnrin kan tó ń pín ìwé. Ó ní ìjó lòun lọ wò.

*

Àwọn tó ní kí wọ́n yọ àwòrán Brocos kúrò ní mùsíọ́ọ̀mù, èmi ò sí nínú yín. Tí ẹ bá gbé e pamọ́, kí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n fẹ́ wò? Mo ju àwòrán yìí sí gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mi ò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá: "Àṣẹ", "Ọlọ́run ṣeun", àǹtí mi kan ní "ọmọ yìí mà wuyì o, wo bó ṣe pọ́n." Mo wá kọ orúkọ àwòrán náà sábẹ́ ẹ̀ àti ohun tí Lacerda kọ. Gúrúùpù dákẹ́. Ó pẹ́ kí àǹtí kan náà tó padà wá, ó ní: "Ìyẹn ni pé wọn ò fẹ́ kó tún bí irú ara ẹ̀ mọ́?" Mi ò rí nǹkan fi kún un.

*

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìdáhùn yín, pé ó ti yé yín àti pé ọmọ ń béèrè ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Kó wá ibi tí erùpẹ̀ ti parí tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀ nínú àwòrán yẹn, kó kọ ojú ìwé kan lórí ibẹ̀ nìkan, kó tó dárúkọ Galton tàbí ẹnikẹ́ni. Kó fi ọ̀rọ̀ Lacerda tẹ̀ lé e, kó fi ti Abdias tì í. Ti Hitler kò gbọ́dọ̀ ju ìpínrọ̀ kan lọ, olùkọ́ ti kà á ní ogójì ìgbà.

Tó bá máa tẹ àwòrán náà sínú iṣẹ́ ẹ̀, kó san owó kọ́lọ̀. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nígbà kan, dúdú-funfun, náírà díẹ̀ ni mo fẹ́ ṣọ́. Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde ní eérú kan náà, àwọn ọmọ ń bi mí pé bọ̀dá, èwo ni òyìnbó nínú wọn.